Èébu Tí Kabir Ń Sìn

Ẹ má dá Kabir lẹ́jọ́. Lọ́dún 2005, tí owó wà ní Dublin, tí ilé tuntun ń hù ládùúgbò Clondalkin bí olú, èébu, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì, ni iṣẹ́ tirẹ̀ ní yunifásítì. Oje èébu ọ̀hún ló fẹ́ fi sọ òróró àlòkù, èyí tí wọ́n ti fi dín ọ̀dùnkún, di epo dísù. Àmọ́ ọ̀lẹ loje náà. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ti ní bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á pa á tì. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta Kabir á sì wọgbó.

Ló bá gbé abọ́ èébu wálé lọ́jọ́ Fúráìdè kó lè máa ṣọ́ ọ. Inú họ́ọ̀tì prẹ́ẹ̀sì ló gbé e sí, kọ́bọ́ọ̀dù tí táǹkì omi gbígbóná wà, tí gbogbo Dublin ń kó aṣọ sí kó lè gbẹ. Ibẹ̀ náà ni Àlájà, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ti Ìsẹ́yìn wá wẹ ọmọ tuntun, ti lọ mú ìlédìí.

"Bàbá Ikram, kí lèyí?"

"Èébu tí mò ń sìn ni, Mà."

Àlájà káwọ́ lérí. "Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrun Jímọ̀ dé?"

"Bí wọ́n ṣe ń sin adìẹ ni mò ń wí, Mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló ń jẹ?"

"Ṣúgà, Mà."

"Kí lo wá fẹ́ kó ṣe?"

"Kó máa jẹ òróró, Mà."

"O fi ṣúgà kẹ́ ẹ bà jẹ́, o wá ní kó máa jẹ òróró?"

Kabir rẹ́rìn-ín, ó ní sáyẹ́ǹsì ò rí bẹ́ẹ̀. Ì bá ti pa ẹnu yẹn mọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, abọ́ náà ti pọ́n.

"Epo pupa ni mo fún un," Àlájà wí. "Ebi ń pa á."

Ta ni yóò bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jà? Kabir bú ara rẹ̀ nínú, ó bú epo, ó bú aṣọ́bodè tó jẹ́ kí epo kọjá ní pápákọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà ló kí Àlájà pé wọ́n ṣeun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò ní èébu mìíràn, ló bá fi ìtìjú po oje èyí mọ́ òróró àti sípírítì. Ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ báyìí ni dísù ti léfòó, ó mọ́ gaara. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

"Grand," ló wí, ìyẹn "ó dára" lẹ́nu wọn níbẹ̀. "Wàá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi, ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́. Bí kò bá bára mu, a ò rí nǹkan kan ṣe."

Kabir mọ̀ pé epo pupa Àlájà ló sọ oje náà di alágbára. Ó sáré wálé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bírò lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣíbí epo mélòó lẹ bù sí i?"

"Ṣíbí kẹ̀? Ọwọ́ ni mo fi wọ́n ọn."

Kabir wo ọwọ́ náà títí. Ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun dé yunifásítì lọ́la.

Àlájà ní kò burú, ṣùgbọ́n kó sọ fún òyìnbó náà kó jáde síta o, torí òun kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo òun lọ́wọ́ bí òun bá ń bu epo.