Ìwé Ilé Bàbá Reuben

Ìwọ tó ń ka èyí, fetí sílẹ̀ o. Bí ẹlòmíràn bá ń kàwé, tí ọ̀rọ̀ sì há sí i lẹ́nu, má bá a parí rẹ̀. Dákẹ́. Kódà bí o bá mọ èyí tó kù, ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹnu ló ń ṣẹ̀, ẹ̀yìn ló ń jẹgba. Ohun tó kó Ajarat sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ní Kétu nìyẹn.

Ajarat kì í ṣe aláriwo. Àpò ló ń ràn. Àpò àlùbọ́sà tó bá ya ní Mile 12, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn eré àtijọ́, kó fi abẹ́rẹ́ gígùn ran án. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ rèé níbẹ̀. Bàbá Reuben ló kọ́ gbọ̀ngàn náà, ibẹ̀ lòun àtàwọn òṣèré rẹ̀ ti ń ṣeré kó tó kú. Báyìí, àlùbọ́sà ló kún ìdajì rẹ̀ dé àjà. Ọ̀gá Adékọ̀yà ló ń kó o sí i. Ó ní bàbá òun ló ra ilé náà.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, àwọn ará àdúgbò ní àwọn fẹ́ kí eré padà síbẹ̀. Tíṣà Damaris ni aṣáájú wọn. Adékọ̀yà ní kí wọ́n má dán an wò, òun ní ìwé. Wọ́n bá fi ìpàdé sí ọ̀sán Sunday, nínú gbọ̀ngàn náà gan-an. Bí ìwé bá dúró, kí àwọn onítíátà gbàgbé. Bí kò bá dúró, kí àlùbọ́sà jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bámi, tó ń ṣiṣẹ́ fún Adékọ̀yà, wá dúró lé Ajarat lórí.

"Mummy Ajarat, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ṣé, ọmọ mi."

"Ọ̀gá ní kí n bi yín: ṣé abẹ́rẹ́ yín yìí lè ran ẹnu?"

"Ẹnu ta ni?"

"Ẹnu yín ni. Ẹ̀yin lẹ bá Bàbá Reuben ṣiṣẹ́ rí. Ẹ yáa ran án fúnra yín. Tó bá jẹ́ àwa la bá yín ran án, a ò mọ̀ ọ́n ràn dáadáa."

Ó fẹsẹ̀ gbá àpò kan, ó lọ. Ajarat mú àpò tó kàn. Kí ni òun tiẹ̀ mọ̀ tí òun fẹ́ sọ? Kò mọ nǹkan kan.

Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ibi tí èèyàn ti lè tètè jáde. Èébú ni wọ́n fi ṣí i.

"Ẹ̀yin aláàlùbọ́sà, òórùn yín ti fẹ́ pa wá!"

"Ẹ̀yin onítíátà, ẹ lọ wáṣẹ́ gidi ṣe jàre!"

Damaris gba ìwé lọ́wọ́ Adékọ̀yà, ó gbé e sókè. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ìtẹ̀ka dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"'Èmi, Reuben, onílé ní...' Kettu ni wọ́n kọ síbí o. T méjì."

"Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kọ ọ́ ni?" ẹnìkan fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ajarat gbójú sókè.

"'Mo ta gbọ̀ngàn mi lónìí fún ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bá ìwé yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá yí ọ̀rọ̀ mi padà, kí ìyàwó mi...'" Damaris dúró. Ó yí ìwé síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ó ti ya níbí."

"Eku ló jẹ ẹ́," Adékọ̀yà ní. "Èyí tó kù tó."

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni Ajarat ò lè fara dà. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n ń fi í jókòó sí. Orí ni àwọn òṣèré Bàbá Reuben fi ń mọ ọ̀rọ̀ wọn, bí ọ̀rọ̀ bá sì sọnù mọ́ ẹnìkan lẹ́nu, Ajarat ni yóò jù ú sí i láti ẹ̀yìn, kí òǹwòran tó fura.

"Máa ké bí ewúrẹ́," ni Ajarat wí.

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu òun. Gbogbo orí yí sí i.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Pa Mutolib ni, arúgbó tó jókòó níwájú. Ó ń fọ̀pá lu ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rántí ni? Eré ni! Bó bá ti búra báyìí, ìyàwó á ké láti ẹ̀yìn, àwa òǹwòran náà á ké! Bàbá Reuben kì í pa orúkọ dà lórí ìtàgé!"

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe eré yẹn ni Bàbá máa ń tẹ̀ka sí ìwé tuntun. Ọ̀kan ló ṣẹ́ kù sínú àpótí aṣọ eré tí àwọn Adékọ̀yà bá nínú gbọ̀ngàn náà.

"Ta ló mọ aránpò yìí?" Adékọ̀yà ti dìde. "Ó ti ya wèrè!"

Bámi ti wà lẹ́yìn Ajarat. Ó gbọ́wọ́ lé àga rẹ̀. "Mummy," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "mo mọ ilé yín n'Íkòsí."

"Mummy Ajarat, ta ló kọ ìwé yìí?" Damaris bèèrè. "Ẹ sọ ọ́, ẹ má bẹ̀rù."

Ẹ má bẹ̀rù! Ẹni tó ń wí bẹ́ẹ̀ kò ní sìn ín délé.  Ajarat ronú ọ̀nà ilé, kọ̀rọ̀ kan tó wà nídìí kọ̀ǹga. Ó ronú ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

 Ó kàn na ọwọ́, ó gba bírò lọ́wọ́ Damaris, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìpàdé, díẹ̀díẹ̀: Èmi, Reuben, onílé ní Kettu. T méjì. Lẹ́tà rẹ̀ rí roboto bí ojú ẹja, bíi ti ìwé àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́.

Damaris gbé ìwé méjèèjì síra wọn, ó gbé wọn fún Mutolib. Wọ́n ń gbé wọn kiri títí tó fi kan Adékọ̀yà. Adékọ̀yà wò wọ́n. Ó jù wọ́n sílẹ̀, ó jáde. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò àlùbọ́sà síta.

Bámi ò lọ. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo Ajarat.

"Mummy, ẹ máa bá wa sọ ọ́ ní kóòtù o," Damaris ní. "Ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Ajarat bọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká ẹní tó fi ń ránpò. Ó ki abẹ́rẹ́ bọ ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀.

"Ẹ bi ọwọ́ mi," ó ní. "Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."