Ẹ̀jẹ̀ Tí Bàbá Gherasim Mu Nínú Ààwẹ̀

Ní abúlé wa, kò sí ẹni tó bínú pé Bàbá Gherasim di òkú afẹ̀jẹ̀mu. Ohun tó bí wọn nínú ni pé ó mu ẹ̀jẹ̀ náà lọ́jọ́ Ẹtì.

Ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Bàbá Gherasim ti jẹ́ akọrin àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa, Valea Lupoaiei. Nígbà tí àwọn onífíìmù wá láti Bucharest, olú-ìlú wa, tí wọ́n gba ilé ńlá àtijọ́ orí òkè láti ya eré apanilẹ́rìn-ín nípa ìdílé àwọn òkú tó ń jáde nínú pósí wá mu ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi ìsìnkú kan, wọ́n ní ẹni tí àwọn ń wá gan-an nìyí. Wọ́n fi eyín gígùn méjì sí i lẹ́nu. Fún ẹni tí eyín tirẹ̀ ti ku mẹ́fà, ẹ̀bùn ńlá nìyẹn.

Apá kìíní dùn mọ́ gbogbo wa. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ Sátidé, a máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Doina, èmi á sì ka ohun tí àwọn òǹwòran kọ nípa eré náà, àti iye ìràwọ̀ tí wọ́n fún un, sókè láti inú fóònù mi, torí ojú àwọn àgbà kò gbé lẹ́tà kéékèèké mọ́.

"‘Apá kejì yìí kò tó ti àkọ́kọ́,’" ni mo kà. "‘Àwọn òkú yìí ti ń rojọ́ jù, àfi bíi lọ́yà. Ìràwọ̀ méjì.’"

"Kò parọ́," ni Doina wí. "Àbí ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe fi odidi ogún ìṣẹ́jú jiyàn ta ló máa fọ aṣọ fèrèsé?"

"‘Bàbá arúgbó yẹn nìkan ló ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìràwọ̀ márùn-ún.’"

Bàbá Gherasim wolẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ẹni tó ti ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ yẹn fún òun lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kúrò nílé.

Màmá Veturia gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Obìnrin yìí mọ òfin ààwẹ̀ ju àwọn tó ṣe é lọ: kò sẹ́ran, kò sẹ́yin, kò sí wàrà nínú Lẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ náà ni ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. "Tèmi ńkọ́? O ò ní ka tèmi ni?"

"Ẹ̀yin náà kọ nǹkan ni, Màmá?"

"Ọmọ ọmọ mi ló bá mi kọ ọ́. Wá a dáadáa."

Mo wá a. "‘Ní ìpín kẹta, Gherasim akọrin mu odidi ife ẹ̀jẹ̀ kan lọ́jọ́ Ẹtì kẹta ààwẹ̀. Òkú ni o, kì í ṣe kèfèrí! Ìràwọ̀ kan.’"

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin òǹwòran ló ti sọ èrò wọn nípa eré yìí, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá wà láàárín wọn, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó rí kókó ọ̀rọ̀ títí Màmá Veturia fi dá sí i.

"Veturia, bítírúùtù ni," ni Bàbá Gherasim wí. "Omi bítírúùtù pupa lásán."

"Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń fi bítírúùtù sebẹ̀. Kì í lẹ̀ mọ́ ètè ènìyàn báyẹn."

Ibi tó yẹ kó ti panu mọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ ènìyàn ni, òótọ́ rẹ̀ sì jẹ́ àìsàn tí kò gbóògùn. "Ó dáa, wọ́n po funfun ẹyin mọ́ ọn díẹ̀, kó lè ki."

"Ẹyin!" Gbogbo àwọn obìnrin fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀jẹ̀ gan-an ì bá sàn."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Fadá Valerian pe ẹjọ́ náà lágbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n mú fóònù wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí Ọdún Àjíǹde dé. Bí wọ́n bá yọ Bàbá Gherasim, Costică, igbákejì rẹ̀, ló kàn, ohùn Costică sì dà bí ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́ tí wọn kò fi epo sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án.

Bàbá Gherasim ń fọwọ́ méjèèjì lọ́ fìlà rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìdí orin yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. "Fadá, ẹ gba eyín yẹn lọ́wọ́ mi bí ẹ bá fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba Àjíǹde lọ́wọ́ mi."

"Gherasim, ṣé lóòótọ́ lo mu nǹkan yẹn lọ́jọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì?"

Ojú rẹ̀ là. "Rárá o, Fadá! Fíìmù ni. Ọjọ́ tí ẹ wò ó kọ́ la yà á. Ìgbà oòrùn la yà á, Lẹ́ńtì ò tíì sí nítòsí."

Inú Fadá dùn. Ẹ̀wà rẹ̀ ń tutù nílé. Ó ti yí padà tán láti máa lọ.

"Ọjọ́ wo nígbà oòrùn?" ni Màmá Veturia béèrè.

"Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ."

Mo rí ojú Bàbá Gherasim nígbà tí etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kẹrìnlá, ààwẹ̀ Màríà Mímọ́ ni. Ọmọdé abúlé wa mọ̀ ọ́n kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ló bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀?" Ohùn Màmá Veturia ti wá rọ̀ bíi ti nọ́ọ̀sì.

Wọ́n kọjú sí mi. Mo wo fóònù. "Ọjọ́ Ẹtì," ni mo wí.

Bí Bàbá Gherasim ṣe bọ́ nínú ẹ̀sùn ààwẹ̀ kan nìyẹn, tó fi ẹnu ara rẹ̀ kó sínú òmíràn. Fadá ní kó má kọrin fún ogójì ọjọ́.

Costică kọrin lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó sì tún kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ó fo láti ẹsẹ kejì sí ìkẹfà, ó pàdánù ọ̀nà, ló bá tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, kò sí ẹni tó béèrè nípa òkú afẹ̀jẹ̀mu ní ṣọ́ọ̀bù.

"Costică ń fa orin bí ẹni ń fa màlúù tó kọ̀ tí kò lọ," ni Doina wí.

"Ìràwọ̀ mélòó?" ni mo bi í.

"Ìràwọ̀ wo? Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀."

Màmá Veturia mu kọfí rẹ̀ tán, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ilé Fadá.

"Fadá, ọjọ́ wo ni Gherasim dẹ́ṣẹ̀?"

"Ìwọ lo wádìí ẹ̀, Veturia. Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ."

"Ṣé ọjọ́ tí ènìyàn bá dẹ́ṣẹ̀ la ti ń ka ìyà, àbí ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n?"

Fadá wò mí. Mo kà á lórí ìka. "Ogójì ọjọ́ yẹn pé láàárín oṣù kẹsàn-án, Fadá."

"Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti dákẹ́ nígbà náà."

"Ṣebí ó dákẹ́! Ẹ ò rántí ni? Eyín onífíìmù yẹn bó o lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Títí àjọ̀dún Àgbélébùú oṣù kẹsàn-án fi kọjá, àwa obìnrin la ń dá kọrin. Ọlọ́run ti fìyà jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ pẹ́ dé."

Ó jọ pé Fadá ń ronú nípa òfin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé Costică ló ń rò. Níkẹyìn, ó ní, "Ẹ lọ sọ fún un."

Bàbá Gherasim ń gbin ọ̀dùnkún sínú ebè nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó fi ọwọ́ tó kún fún erùpẹ̀ nu omijé, ojú rẹ̀ sì di ẹrẹ̀.

"Veturia, ṣé o ti wá dárí jì mí?"

"Ti bítírúùtù, bẹ́ẹ̀ ni. Ti ẹyin yẹn, mo ṣì ń rò ó."

Bàbá Gherasim wọlé. Láìpẹ́, a gbọ́ ọ tó ń dán orin Àjíǹde wò, ohùn náà kọ́kọ́ ha, ó já, ó tún gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá Veturia ti sọ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà pé òun fi ìkòkò sórí iná nílé. Ó dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ ti ọgbà, kò sì lọ.