Ewé Tí Ń Pa Ebi

Dókítà Táhírù kọ̀, ó ní òun kò ní kọ oògùn tí ń pa ebi fún Sàbírátù, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ó ti sanra débi pé orí àga ló ti ń kírun. "Àwọn ìyàwó olówó ló ń fi í pamọ́ fún," ó ń kùn bó ṣe ń padà sí ìsọ̀ bàtà rẹ̀ ní ọjà Kejetia.

Ló bá kọrí sọ́dọ̀ Hamdia ní Fante New Town, ọmọbìnrin kan tó ń ta oògùn tí ń dín ọ̀rá kù.

"Ewé lásán ni, Àǹtí. Wallahi, kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀."

Lọ́jọ́ tí Sàbírátù kọ́kọ́ lò ó, ebi kò pa á títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, oorun dá lójú rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì bí ẹni tó sáré. Ara wá fu ú. Ewé wo ló ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ó tú èèpo ọ̀kan nínú hóró oògùn náà. Ìyẹ̀fun funfun báláú ló dà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó padà lọ bá Hamdia. "Gbé ọ̀kan mì lójú mi."

"Àǹtí, mo ń gbààwẹ̀ ni."

Sàbírátù wo ẹ̀yìn Hamdia, ó rí abọ́ wàákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà tó jẹ kù, pẹ̀lú síbí nínú rẹ̀. "Ààwẹ̀ wo nìyẹn?"

Ojú ti Hamdia. "Maame, mepa wo kyɛw, ẹ má bínú. Wọ́n ń kó o wá fún mi nínú àpò ọ̀rá ni, èmi kàn ń dà á sínú ìgò. N ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Ìwọ ti lò ó rí?"

"Rárá. Ẹ̀rù ń bà mí."

Tìgò-tìgò ni Sàbírátù fi padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kó jókòó kíákíá.

"Ó jọ pé irú oògùn tí mo kọ̀ láti fún yín ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ má lò ó mọ́. Màá ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò." Ó na páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sí i.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó wà nínú tiyín?"

Dókítà kò bínú. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà fún un, ó túmọ̀ rẹ̀, kí Sàbírátù tó gbé e mì.

Oorun padà sójú rẹ̀. Ó ṣì sanra. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà káàkiri ìsọ̀. Àwọn kan tó ti rà á lọ́wọ́ Hamdia da tiwọn nù. Ṣùgbọ́n Zàhràù, tó ń ta ìborùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kàn ti ìgò tirẹ̀ wọ inú báàgì, ó ní, "Sàbírátù kò fẹ́ kí èmi fọn ni."