Ímeèlì Wọlé Wa, Ó Ní Òùngbẹ Ń Gbẹ Òun

Ṣọlá, tí wọ́n bá ní kí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà jù ládùúgbò yìí dìde, èmi nìkan ni màá dìde, bí mi ò tiẹ̀ parí ilé-ìwé. Gbọ́ àlá tí mo lá. Mo to kọ̀ǹpútà ilé wa kí ímeèlì lè máa wọlé tààrà, láì gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ìkómọ ọmọ bọ̀dá mi ni, orúkọ tó máa fi ránṣẹ́ láti òkè òkun la ń retí. Bí mo ṣe yíjú, kọ̀ǹpútà ti di ilẹ̀kùn, ni ímeèlì bá wọlé, eruku bo ẹsẹ̀ ẹ̀.

Mo ní, "Orúkọ ọmọ dà?"

Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Màámi pariwo mọ́ mi: "Ọmọ yìí! Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gba àlejò? O ò kí i, o ò fún un lómi!"

Mo sáré gbómi wá. Ó mu ún tán, ó tún ní kí n bu sí i, ikùn ẹ̀ ń wú bíi bọ́ọ̀lù, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ó wá nu ẹnu, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Wọ́n ní kí ẹ sọ ọmọ náà ní…"

Ni mo bá jí! Jọ̀ọ́, mò ń lọ, kí n sáré padà sùn kí àlejò yẹn tó lọ.