Òwú Pupa Lórí Adágún

"Àwọn ẹ̀ka wà níbẹ̀," Asmund sọ, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára wáfù, àkàrà pẹlẹbẹ tó ń yan nínú irin onídèérí lórí iná. "Wọ́n á rí ọ̀nà wálé."

Jorunn ọmọ rẹ̀ obìnrin kò yé wo ìta. Ojú fèrèsé ló dúró sí, ó ń fi apá aṣọ nu gíláàsì tó ń ṣú. Nígbà tí aago méjìlá lù, òkè òdìkejì adágún ṣì hàn ketekete. Aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá báyìí, ìjì yìnyín ti dé, kò sí òkè mọ́, kò sí adágún. Funfun lókè, funfun nílẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ki orí bọ àpò ìyẹ̀fun.

Inú funfun yẹn ni Eilif ọkọ rẹ̀ wà, òun àti Tuva, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wọ síkì, pátákó gígùn tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n ní àwọn ń lọ mu kòkó gbígbóná ní ilé ìsinmi tó wà lẹ́yìn adágún, àwọn á sì dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Bí ìjì bá sì ti dé, fóònù kì í gbé lọ́hùn-ún mọ́.

"Bàbá, wọ́n ní ojú ọjọ́ máa dáa títí di ìrọ̀lẹ́."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Fóònù."

"Ṣé fóònù ti gun òkè yìí rí ni?" Asmund yíjú sí ọmọ kékeré tó dúró lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Runa, ó ti tó o, ṣí i. Tó bá jóná, ìwọ lo máa jẹ ẹ́."

"Mo fẹ́ràn èyí tó jóná," Runa wí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àbúrò Tuva yìí, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi halẹ̀ mọ́ ọn tí kò ní sọ pé òun fẹ́ràn.

Lára ilẹ̀kùn ni Jorunn lẹ ìwé ètò ìsinmi wọn mọ́. Yíyọ̀ lórí omi dídì, ẹja pípa nínú ihò, síkì gígùn títí dé ilé ìsinmi, síkì yíyọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilé yìnyín kíkọ́. Ní ìlú Hamar tí wọ́n ń gbé, ìdílé náà kì í rí ara wọn jókòó jẹun pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀. Ló bá fẹ́ fi ọjọ́ méje nílé bàbá rẹ̀ san gbèsè ọdún kan. Tuva ti fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé: Ọjọ́ Àbámẹ́ta: mímí.

Àmọ́ kì í ṣe ìwé yẹn ló ń já Jorunn láyà. Àwọn ẹ̀ka ni.

Ní agbègbè yẹn, tí yìnyín bá ti bo ipa ọ̀nà mọ́lẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wọ́n ti ń ri ẹ̀ka igi mọ́ yìnyín, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ ibi tí yóò gbà. Orí adágún, tó máa ń dì gbagidi nígbà òtútù, ni ti Asmund. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣe é, òfin kan ṣoṣo ló sì ní: ìgbésẹ̀ mẹ́wàá láti ẹ̀ka sí ẹ̀ka. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó ti pọ̀ jù, á ní, "Kì í ṣe ojú ọjọ́ tí ò ń wò yìí la rì í dè. Èyí tó ń bọ̀ ni." Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn ọkàn kọlù ú, dókítà sì ní kó gbàgbé síkì. Jorunn ní, "Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún mi, Bàbá." Ó gbé e fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ Àìkú kan, òun nìkan wá láti Hamar, ó ri ẹ̀ka dé àárín adágún. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Ilé ìtọ́jú eyín tí Jorunn ti jẹ́ ọ̀gá ló ń pè: òṣìṣẹ́ méjì ti dùbúlẹ̀ àìsàn, kó yáa wà níbi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtù. Ó wo ẹ̀ka tó kù, kò tó. Tó bá padà lọ gé sí i, ilẹ̀ á ṣú. Ló bá fa àlàfo wọn gùn: ọgbọ̀n ìgbésẹ̀, níbòmíràn ogójì. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà. Bó ti dúró ti ọ̀kan, ó ń rí mẹ́fà níwájú. Nígbà tó padà délé tí bàbá rẹ̀ bi í pé, "Ó parí?" ó ní, "Ó ti parí, Bàbá." Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Iṣẹ́ kò sì jẹ́ kó rántí mọ́, àfi ọ̀sán òní.

Ibi tó sì fi àlàfo sí gan-an ni ẹni tó ń bọ̀ wálé ti gbọ́dọ̀ yà sósì. Ẹnu odò ló wà níwájú, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, kì í dì tán láéláé. Ẹni tí kò bá rí ẹ̀ka, iwájú tààrà ló máa lọ.

"Mo fẹ́ lọ pàdé wọn," Jorunn sọ, ó ti ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.

Asmund wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mo ní àwọn ẹ̀ka wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń pa á. Ó yẹ kó sọ pé wọn ò sí níbẹ̀, pé òun purọ́. Ó la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ ni."

"Ó dáa. Mú okùn dání. Tí o bá dúró ti ẹ̀ka kan tí o kò rí èkejì, yí padà. Kò sí ìtìjú nínú ká yí padà."

Ó so síkì mọ́ ẹsẹ̀, ó sì jáde. Lórí adágún, atẹ́gùn ń gbá yìnyín sí i lójú bí iyanrìn. Ó ń kà á sókè: ọ̀kan, méjì, títí dé mẹ́wàá, ẹ̀ka. Ọ̀kan, méjì, ẹ̀ka. Apá ibi tó ṣe dáadáa nìyí, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sì mú orí rẹ̀ yá díẹ̀. Ó ń pe orúkọ Tuva, atẹ́gùn ń gba orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀.

Ó dé ìdí ẹ̀ka kan tó ní orí méjì. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí fóònù dún lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó di ẹ̀ka náà mú. Láti ibí lọ, kò sí ohun tí èèyàn máa rí fún ọgbọ̀n ìgbésẹ̀. Ó gbójú sókè.

Ẹ̀ka kan wà níwájú rẹ̀.

Ó rò pé ojú ń tan òun. Ó ka ìgbésẹ̀ lọ síbẹ̀, ó sì jẹ́ mẹ́wàá gérégé. Ẹ̀ka tín-ín-rín ni, kì í ṣe irú èyí tó gé. Wọ́n so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n wé e lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ta á ní kókó tí apẹja fi ń so ìwọ̀. Ó wo iwájú: òmíràn, pupa. Ó lọ síbẹ̀: òmíràn. Wọ́n yà sọ́tùn-ún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni di èèyàn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń mú un jìnnà sí ẹnu odò.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ kan òwú náà. Òwú ìyá rẹ̀ ni, èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti ọjọ́ tí màmá ti kú, tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Omi bọ́ lójú Jorunn, ó sì ń dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ohùn kan ló kọ́kọ́ dé, kó tó rí ẹni tó ni ín.

"Mo ní òsì ni, Dádì."

"Mo ti mọ adágún yìí kí wọ́n tó bí ẹ."

"Ṣé òwú pupa wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn?"

Tuva yọ láti inú funfun, yìnyín ti lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró lójijì. "Màmá? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá pàdé yín."

"Kò sí nínú ìwé ara ilẹ̀kùn."

Jorunn fà á mọ́ra, síkì wọn há síra wọn, díẹ̀ ló kù kí gbogbo wọn ṣubú. Eilif sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ọmọ má gbọ́. "Tààrà ni ǹ bá lọ. Ojú mi ò ríran mọ́, Ìyá Tuva. Òun ló rí pupa yẹn. O ṣé o, òwú tó o so yẹn, ọgbọ́n ńlá ni."

Ó rọrùn kó gba ọpẹ́ náà. Ó ti ṣí ẹnu láti gbà á.

"Kì í ṣe èmi," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká délé ná."

Nígbà tí wọ́n délé, alùpùpù tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín wà lẹ́nu ọ̀nà. Gunvor, opó tó ń gbé nílé kejì, ti jókòó sídìí kọfí pẹ̀lú Asmund. Runa sáré pàdé wọn, ó gbé àwo wáfù dání, dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Jorunn kò bọ́ bàtà. Àárín ilé ló dúró sí, omi yìnyín ń kán lára rẹ̀. "Bàbá, mo fi àlàfo sílẹ̀ lórí adágún. Mo sọ fún yín pé ó ti parí. Kò parí."

"Àlàfo wo?" Asmund gbé ife sẹ́nu. "Èmi ò rí àlàfo kankan."

"Gbọ́ irọ́," Gunvor wí. "Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ̀yìn mi ló jókòó sí lórí alùpùpù, ó di ẹrù ẹ̀ka mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wákàtí méjì gbáko. 'Dúró níbí, Gunvor. Ó jìn jù, Gunvor. Padà sẹ́yìn, Gunvor.' Ọkọ mi tó kú ò pàṣẹ fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí."

"Ṣebí dókítà ní kí ẹ má ṣe..."

"Ó ní kí n má gun síkì. Kò dárúkọ alùpùpù."

Eilif bú sẹ́rìn-ín. Jorunn kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá?"

Asmund fi ìka yí ife rẹ̀ po. "Ọdún tí bàbá mi gbé iṣẹ́ ẹ̀ka yìí fún mi, òde ijó wà lálẹ́ ọjọ́ tí mo lọ rì í, nísàlẹ̀ òkè. Mo kánjú, mo fi àlàfo sílẹ̀. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, mo bá ẹ̀ka tí mi ò rì. Mi ò bi bàbá mi, kò sì sọ fún mi títí ó fi kú. Àmọ́ mi ò tún fi àlàfo sílẹ̀ mọ́." Ó gbé ife kalẹ̀. "Ìwọ dáa jù mí lọ. Ìwọ sọ tìẹ."

Nílẹ̀ náà, bí wọ́n bá ti òkè dé, gbogbo ẹni tó jọ lọ ló ń dúpẹ́ ìrìn lọ́wọ́ ara wọn kí wọ́n tó jókòó jẹun. Tuva dúpẹ́ lọ́wọ́ Eilif, Eilif dúpẹ́ lọ́wọ́ Tuva. Eilif ní òun kò ní bá òwú pupa jiyàn mọ́ láyé òun. Jorunn lọ síwájú àga bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè bára mu.

"Ẹ ṣé fún ìrìn òní, Bàbá."

"Èmi tí mo jókòó sídìí wáfù?"

"Ẹ̀yin náà lẹ mú wa dé."

Asmund tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó na ọwọ́, ó gbọn yìnyín kúrò léjìká rẹ̀, bó ti máa ń ṣe nígbà tí Jorunn ṣì kéré bíi Runa.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Jorunn lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó já ìwé ètò náà kúrò, ó sì jù ú sínú iná ààrò.

"Ọ̀la ńkọ́?" Tuva béèrè. "Ṣebí síkì yíyọ̀ sọ̀kalẹ̀ ni."

"Ọ̀la, ẹ̀ka la máa gé. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Ṣé òwú ṣì kù?"

Asmund dìde lórí àga. Ó fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sí Jorunn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ẹsẹ̀ ọmọ náà.