Àwo Irin Kékeré Apá Ọ̀tún

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tó ń lé e sáré. Kí ọ̀gá máa pariwo bí ẹni tí agbọ́n ta, òun á máa po ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ ni. Àpò tí ọkùnrin méjì ń mí hẹlẹhẹlẹ gbé, òun nìkan ló ń gbé e. Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ti bá wọn díje níbi irin gbígbé rí, ló rí i lọ́jọ́ kan tó figbe ta: "Yéè! Ẹ̀bùn Ọlọ́run lẹ fi ń ru ìyẹ̀fun yìí!"

Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí ti di olùkọ́ rẹ̀. Odidi ọdún mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko." Kí Jẹ́jẹ́ tó fọwọ́ kan irin, Àǹtí á gbàdúrà sí i létí, á kì í ní oríkì ilé wọn, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje irin gbígbé kan, ẹnì kan ṣoṣo tó bá gbé jù ni wọ́n fẹ́ mú kún ẹgbẹ́ tó ń lọ díje lókè òkun. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Katakata ti gbé kílò mọ́kàndínláàádọ́fà. Jẹ́jẹ́ béèrè àádọ́fà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún un.

"Irin kì í wú bíi búrẹ́dì o, màmá oníbúrẹ́dì!" ni Katakata wí bó ti ń kọjá.

"A ó máa wò ó, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbé irin dé àyà. Àfi bí irin ṣe fà á sápá ọ̀tún, bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ bá olówó rẹ̀ lọ! Ó rò pé ara òun ló ń da òun. Síbẹ̀ kò bá a jà. Ó mí kan, ó tì í sókè, apá rẹ̀ gún régé. Iná funfun mẹ́ta tàn lọ́dọ̀ àwọn adájọ́: ó yege! Gbọ̀ngàn hó yèè.

Ayọ̀ náà kò tíì balẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń to irin fi nawọ́ sókè. Àwo irin kékeré kan, kílò méjì, wà lápá ọ̀tún. Kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lápá òsì.

Olórí adájọ́ wò ó, ó tún un wò. 

"Àwa la ṣàṣìṣe, kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Irin tí kò dọ́gba kò ṣeé kà. A pa èyí rẹ́. Ìṣẹ́jú méjì, kó tún un gbé."

Jẹ́jẹ́ dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lójú oorun. Pa kí ni rẹ́? Ohun tí gbogbo ojú rí? Ẹnu Katakata pàápàá là sílẹ̀, kò lè pa á dé.

"Irọ́ ni!" Àǹtí bú jáde. "Ẹ fẹ́ pa ọmọ mi ni!" Ó la ẹnu láti kì í, ohùn kò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì.

Èyí já Jẹ́jẹ́ láyà ju ti adájọ́ lọ. Láti ọdún mẹ́fà, kò rí i kí ọwọ́ yẹn gbọ̀n rí. Àṣé ẹni tó ń kọ́ni ní ìbàlẹ̀ ọkàn náà ní ọkàn tó ń já!

Ìṣẹ́jú kan ti lọ. Ó di ọwọ́ Àǹtí mú pẹ̀lẹ́, bí ẹni di ìyẹ̀fun mú, ó sì ń kì í:

"Ọmọ arùmásọ̀,
ọmọ òkè tí ìjì ń gbá tí kò ṣí nípò,
ọmọ afẹ̀lẹ̀-ṣe-ohun-tí-ipá-ò-lè-ṣe.
Àǹtí mi, ẹ mí."

Àǹtí mí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ lò ń kì mí?"

"Oríkì wa kan náà ni. Ẹ gbọ́: méjìléláàádọ́fà ni mo gbé, tó tún wọ́. Àádọ́fà ni wọ́n ní kí n gbé báyìí. Wọ́n bù ú kù fún mi ni."

"Orí ẹ ò dáa!" Àǹtí rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

Itan Jẹ́jẹ́ ti rẹ̀. Ó gbé irin dé àyà; ó dọ́gba. Ó tì í sókè. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì gún padà. Kò gbọ́ àtẹ́wọ́ kankan. Ó rò pé òun ti kùnà. Ìgbà tó sọ irin kalẹ̀ ló rí wọn, gbogbo wọn lórí ìdúró, bí ẹni tó rí òkú tó jí. Funfun. Funfun. Funfun.

Katakata ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Irin ti wú o," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

 Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi irin, ó ka àwo apá ọ̀tún, ó ka ti òsì, ó tún un kà. Ó dọ́gba. Ìgbà náà ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.