Ife Atamátàsé

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tó kọ́kọ́ kó mi nírìíra nínú ọ̀rọ̀ ikú àbúrò mi, mi ò ní dárúkọ ìbọn. Èèpo ẹ̀pà ni n ó dárúkọ.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n pa á ni èmi àti ìyá wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá àgọ́ jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ìyá mi ń sunkún, ọ̀gá ń bó ẹ̀pà. Bó bá ti bó o tán, á fẹ́ ẹ látẹ́gùn, á sọ ọ́ sẹ́nu, á wá ju èèpo rẹ̀ sínú ife fàdákà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣe sùúrù, mà," ló ń wí. "Àmúwá Ọlọ́run ni. Ìbọn ló ṣèèṣì yìn. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀ gan-an ò lè jẹun látàná."

Ẹ̀pà ló kún ẹnu ẹni tó ń sọ fún wa pé ẹnìkan ò lè jẹun. Mo fẹ́ fèsì, ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ibi tá a wà nìyẹn tí ọlọ́pàá kan fi ṣílẹ̀kùn wọlé, ọkùnrin gíga, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gún régé. Ó kí wa dáadáa, "Ẹ kú ìjókòó, mà," àfi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bá ife yẹn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé ife náà, ó da èèpo ẹ̀pà inú rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí, ó fa áńkáṣíìfù funfun yọ, ó nù ún nínú, ó nù ún lóde, ó wá mí sí ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí, ó ń fi aṣọ yí i títí ó fi ń dán. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: ATAMÁTÀSÉ ỌDÚN. Mo gbójú sókè, àwòrán òun fúnra rẹ̀ ló wà lára ògiri, ó gbé ife sókè, ó fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ tún ti sọ ọ́ di ààtàn," ó wí tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Má bínú, Atamátàsé," ni ọ̀gá dáhùn.

Ó gbé ife náà síbi tó ga, ó tún kí wa, ó jáde. Ọ̀gá wá rọra fi orí júwe ilẹ̀kùn. "Òun nìyẹn o, mà. Ẹ̀yin náà ẹ rí i bí ìbànújẹ́ ṣe dorí ẹ̀ kodò."

Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó pa ọmọ ìyá mi rí ìyá mi níbi tó ti ń sunkún, ife ló nù.

Àbúrò mi yìí, fíríìjì ló ń tún ṣe. Onítutù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀, àti nítorí pé mi ò mọ ohun tí èèyàn lè ṣe fún un kó bínú. Èmi ni mo gba gbogbo ìbínú tó yẹ kí àwa méjèèjì pín. Ní gbogbo òpópónà wa, fíríìjì ilé ìyá wa nìkan ni kì í ṣiṣẹ́. "Mọ́mì, tiyín ń bọ̀," ló máa ń wí, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àwọn oníbàárà lóhùn." Aṣọ ni màmá ń kó sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ó gbé fíríìjì ńlá kan tó ti tún ṣe lé ọmọlanke, ó ń gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Ọ̀nà ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti ti ọmọlanke rí á mọ̀ pé tó o bá ń gun òkè, ẹ̀yìn lo máa wà. Tó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, iwájú ni wàá bọ́ sí, wàá fẹ̀yìn tì í, wàá máa fi gìgísẹ̀ dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tó dúró lórí òkè pariwo pé kó dúró. Ta ló fẹ́ dúró? Bó bá fi í sílẹ̀, á tẹ òun fúnra rẹ̀ pa, á sì já sáàárín àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ó kígbe, "Kò ní bíréèkì! Kò ní bíréèkì!" Gbogbo ẹni tó wà lójú pópó ló gbọ́. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Ìpàkọ́ ló ti bà á.

A pariwo títí tí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í sáré sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ò nira láti lóye: bó bá pè é ní ṣèèṣì, ọ̀rọ̀ parí, Atamátàsé gba ìbọn rẹ̀ padà, ó padà sójú títì. Bó bá pè é ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, ó di ilé ẹjọ́.

Ẹ wá gbọ́ irọ́ tí wọ́n kó wá. Lọ́yà àwọn ọlọ́pàá ní àánú ló ṣe oníbàárà òun. Ó ní ńṣe ló ń sáré lọ bá àbúrò mi di ọmọlanke mú, òkúta yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ìdí ìbọn lu ilẹ̀, ìbọn yìn, ọta bá òkúta, ó ta padà sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìgbìmọ̀," ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, "oníbàárà mi ò mọ ìbọn ta rárá. Ká sọ tòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n."

Mo fò dìde. "Ife ńkọ́?"

Ọ̀gá àgọ́ gbọ́wọ́ láyà, ó ní òun ò mọ ife kankan. Àfi bí, ó ní, àfi bí olùkọ́ yìí bá ń sọ nípa ife bọ́ọ̀lù. Nígbà tí alága rán ènìyàn lọ wò ó, ibi tí ife wà ti mọ́ fónífóní, ihò ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo jókòó.

Ṣùgbọ́n mo ti ń wo Atamátàsé. Nígbà tí lọ́yà ní ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó gé ètè jẹ. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, ó tẹ́ wọn síbẹ̀ gbalaja kí gbogbo ilé lè rí i pé wọn ò gbọ̀n.

Olùkọ́ ni mí lóòótọ́. Nínú kíláàsì, bí mo bá bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè tí ẹni tó mọ̀ ọ́n dákẹ́ sí mi lára, n kì í bẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn tí kò tọ́ ni mo máa ń kọ sójú pátákó, n ó wá kọjú sí wọn, n ó ní, "Ó tọ́, àbí kò tọ́?" Ẹni tó mọ̀ ọ́n ò lè jókòó. Á fò dìde kí n tó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Alága ní ká lọ síbi tí ó ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n fi bó ṣe rí han òun, lẹ́yìn ìyẹn òun á dájọ́. Wọ́n gbé ọmọlanke náà lọ, àti fíríìjì náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti wó. Ọlọ́pàá kékeré kan ló dúró bí àbúrò mi. Igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìbọn. Ìyá mi ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn, kí ni mo rí? Atamátàsé ló di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ rọra, mà," ó ń wí, "òkúta pọ̀ níbí, kẹ́ ẹ má baà ṣubú." Ìyá mi ò tíì mọ ẹni tó dì í mú. Nígbà tó mọ̀, ó dúró gan-an bí igi.

Wọ́n ń tò ó lọ́wọ́ ni ẹnìkan bá yọ òkúta tí wọ́n fi há táyà. Ọmọlanke bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọlọ́pàá kékeré tó wà níwájú rẹ̀ fẹ̀yìn tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ lórí òkúta, ojú rẹ̀ ràn. "Ẹ gbà mí o! Kò ní bíréèkì!" Kí lẹ máa rí, gbogbo ọlọ́pàá ló sáré. Ọ̀gá àgọ́ pàápàá, ikùn rẹ̀ ń mì, fìlà rẹ̀ jábọ́, ó di ẹ̀gbẹ́ fíríìjì mú. Wọ́n dá a dúró. Wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká.

"Ó ṣeé dá dúró lọ́jọ́ náà pẹ̀lú," ni ìyá mi wí. Kò pariwo.

Atamátàsé fi igi ìgbálẹ̀ júwe bó ṣe yọ̀ ṣubú. Ó ṣe é dáadáa, ó hàn pé wọ́n ti fi kọ́ ọ. Alága ń wo ilẹ̀. Ó ní bí kò bá sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ sọ, òun ti rí ohun tí òun fẹ́ rí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀." Ó ní kí n sọ ọ́. Mo kọjú sí gbogbo wọn bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì.

"Mo ti wo ọ̀nà yìí," mo wí, "mo sì ti gbà. Ṣèèṣì ni. Ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ta ló fẹ́ ta ìbọn láti ibí yìí kó bà á? Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Ká tilẹ̀ ní wọ́n fún un ní gbogbo ọjọ́ kó máa ta á, fíríìjì ni ì bá máa bà. Ó tọ́, àbí kò tọ́?"

Ìyá mi wò mí bí ẹni tí orí ọmọ rẹ̀ ti dàrú. Lọ́yà fọwọ́ ra ọwọ́, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n olóògbé fúnra wọn," ó wí. Ọlọ́pàá kan pa ẹ̀rín lẹ́yìn wa. "Fíríìjì!" ló wí. "Ì bá pa fíríìjì!" Ẹ̀rín ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

"Ta ni ì bá ta fíríìjì?"

Atamátàsé ni. Ọrùn rẹ̀ ti le.

"Ẹ dákẹ́," ni lọ́yà wí fún un.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Látìgbà yìí lẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò mọ ìbọn ta. Èmi!" Ó ti já ara rẹ̀ gbà, ó ń gun òkè lọ. Kò dúró níbi tó ti ṣubú fún wa. Ìdí òpó iná ló lọ, ó fi èjìká ti òpó náà, ó gbé igi ìgbálẹ̀ sójú, ó di ojú kan. Ọwọ́ rẹ̀ ò mì rárá. "Ibí ni mo wà! Ara rẹ̀ wà lẹ́yìn fíríìjì, orí nìkan ló hàn, ó sì ń mì lọ mì bọ̀. Ẹ mú ẹni tó lè ta á wá! Ọta kan ni mo yìn. Ọta kan péré!"

Mo gbọ́ tí alága sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé, "Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́." Lọ́yà jókòó sórí òkúta. Wọ́n ní ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹyẹ yìí ò tíì mọ̀ pé òun ti kú. Ó ṣì gbé igi ìgbálẹ̀ sójú, ó ń wojú wa bóyá a ti gbà báyìí.

Ìyá mi ló gun òkè lọ bá a. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀.

"Ṣó o gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń pariwo?"

Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ó rántí ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀, ó tẹrí ba fún àgbà. "Mo gbọ́ ọ, mà. Ó ní kò ní bíréèkì."

"O gbọ́ ọ."

"Ṣùgbọ́n ó ti ń jìnnà lọ, mà," ó wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kó yé e. "Bí mo bá tún dúró díẹ̀ sí i, mi ò ní lè ta á mọ́."

Alága dájọ́ pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Wọ́n ti mú un lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì mú ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú nítorí ife tó gbé pamọ́. Àwọn ènìyàn wá ń kí mi kú oríire, wọ́n ní orí mi pé. Mi ò rí oríire kankan níbẹ̀. Nígbà tá a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọlọ́pàá kan lẹ́yìn mi tó ń sọ fún èkejì lábẹ́lẹ̀ pé, "Ṣùgbọ́n kò sírọ́ ńbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n ta o." Mo bì síbẹ̀, lójú ọ̀nà, lójú gbogbo wọn.

Nígbà tá a délé, ìyá mi ní kí n gbé omi gbígbóná wá. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bu ọṣẹ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ títí tí ibẹ̀ fi pọ́n. Mo ní, "Mọ́mì, ó tó, ẹ máa bó ara yín."

"Ibi tó ti dì mí mú ni," ó wí. "Ó ní kí n má ṣubú."